Pọ́n-ún Méjì àti Àádọ́rùn-ún

Ìwé kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé,
mo rà á lọ́sẹ̀ tí a dé Sheffield,
nígbà tí Fadérera wọ yunifásítì
tí èmi gun kẹ̀kẹ́.
Mo ní gbogbo oúnjẹ tí mo bá gbé, n ó kọ iye rẹ̀.
Ọmọ oníṣirò ni mí. Ìyá bàbá mi kò mọ̀wé,
ṣùgbọ́n tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ló fi ń ka owó
àwọn ènìyàn yìí, kí wọ́n tó kó ẹrù wọn lọ.
Mo dé ìlú wọn, mo wá sísì títí;
sísì ti kú nílé ara rẹ̀,
ẹnu ìyá bàbá mi nìkan ló kù sí.

Ojú ewé kìíní. Ọjọ́ Jímọ̀, òjò wínníwínní.
Bọ́gà méjì, láti London Road sí Crookes:
pọ́n-ún márùn-ún àti ogójì pẹ́nì.
Mo kọ ọ́ gàdàgbà, bí ẹni kọ orúkọ ọmọ tuntun.
Ojú ewé ogún: mẹ́rin àti díẹ̀.
Ojú ewé ogójì: mẹ́ta àti ààbọ̀, ọ̀nà kan náà,
bọ́gà kan náà, tó ti wọ́n sí i lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́.
Bí owó ṣe ń rù ni lẹ́tà mi ń rù;
ẹni tó bá fẹ́ ka ìparí ìwé, àfi kó súnmọ́ iná.

Fóònù ń wọn ọ̀nà bí télọ̀ ṣe ń wọn aṣọ,
á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó tó dá iye lé e.
Kò mọ òkè.
Kò mọ̀ pé ní Walkley, títì dìde dúró
bí àkàbà tí wọ́n fi ti ògiri,
pé ṣéènì máa ń ké, orúnkún á sì dá a lóhùn.
Kò sì mọ ìdúró. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù adìyẹ,
tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iná sí i,
ogún ìṣẹ́jú yẹn, ta ló ni ín?

Kì í ṣe àwa oníkẹ̀kẹ́ nìkan. Bàbá Ìbídùn,
tó ń fi Tòyótà kó èrò ní ibùdókọ̀ rélùwéè,
bá mi nídìí iná tó pọ́n, ó yí gíláàsì wálẹ̀:
“Ọkùnrin tí mo gbé láàárọ̀ fi rìsíìtì rẹ̀ hàn mí.
Pọ́n-ún méjìlélógún ló san.
Méjìlá ààbọ̀ ló kàn mí. Èmi ni mo ni mọ́tò o,
èmi ni mo ni epo, èmi ni mo ni ẹ̀yìn ríro.”
Iná yí padà. Kò dágbére.

Ohun tó gbé wa jókòó sórí bẹ́ńṣì tútù nìyẹn,
èmi, Tesfay ará Asmara, Mihai, àti àwọn ọmọ Súdàn méjì.
Tesfay ní ohunkóhun tí kò bá ti tó pọ́n-ún mẹ́ta,
ẹ jẹ́ kó máa dún.
A gbà. A bọ ara wa lọ́wọ́, ọwọ́ gbogbo wa tutù bí irin.

Ó dún lápò Mihai. Ó pa á.
Ó dún lápò Tesfay. Ó pa á, ó rẹ́rìn-ín.
Ó kàn mí: pọ́n-ún méjì àti àádọ́rùn-ún, òkè Walkley.
Mo rántí owó iná. Mo rántí Fadérera
tó ń sùn lóòró lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́.
Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀.
Mo ti kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù,
mo gun òkè yẹn láì tan iná.

Ọmọdé kan ló ṣílẹ̀kùn. Ó gba àpò,
ó fọwọ́ kàn án, ó ní ó ti tutù.

Lálẹ́, mo ṣí ìwé. Mo kọ ọjọ́. Mo di bírò mú títí.
Fadérera yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, ó bi mí
ṣé n kò ṣiṣẹ́ lánàá ni.
Mo ní òjò pọ̀.